LÁTI ỌPỌ́N AYÒ DÉ ỌPỌ́N ÌMỌ̀: GÉMÙ, ÌṢÈLÚ ÀTI ÌGBÀGBỌ́ NÍ AGBÈGBÈ WA

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó yáa sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ìbéèrè kan ti ń wọlé sọ́dọ̀ wa láti ìgbà díẹ̀. Àwọn òbí ń sọ pé: "Pásítọ̀, ṣé gémù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Kí ló dé tí àwọn ìjọ ò fi pawọ́ pọ̀ kí wọ́n ti gbogbo ilé gémù tó wà ní Ọ̀tan Ayégbajú pa?" A ò fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Ìdí ni pé ohun tí àwọn òbí ń pè ní ilé gémù lónìí, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Bí a ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ewúrẹ́ tí kò jẹ iṣu la máa so mọ́lẹ̀, èyí tó jẹ ẹ́ á sì máa rìn kiri ọjà. Nítorí náà, ìtàn la máa sọ. Nígbà tí ìtàn bá parí, ẹ ó mọ ibi tí ẹjọ́ wà.

ỌPỌ́N ÀKỌ́KỌ́

Kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ kankan dé, àwọn baba wa ní ilẹ̀ Igbómìnà ti ń ta ayò. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa: ihò 12 lójú ọpọ́n, mẹ́fà lápá ọ̀hún, mẹ́fà lápá ìhín, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ 48. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Kò sí dáìsì níbẹ̀, kò sí káàdì tí wọ́n dà dé. Gbogbo nǹkan wà lójú ọpọ́n, àwọn méjèèjì ń rí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣírò jù ló máa jẹ. Bí ọ̀ta bá nà ẹ́, má sọ pé orí ẹ ni kò gbè ẹ́. Ìṣirò ló pa ẹ́. Èrè ibẹ̀ ò ju yẹ̀yẹ́ tí wọ́n máa fi òpè ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: eré kan wà tó jẹ́ ọgbọ́n, eré kan sì wà tó jẹ́ oríire lásán. Orí ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa máa dúró sí.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìlù ni púpọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ bínú sí. Wọ́n gbọ́ ọ nídìí òrìṣà, wọ́n ní òrìṣà ló ni ín. Dùùrù àti ìwé orin ló kù nínú sọ́ọ̀ṣì. Lónìí ńkọ́? Ẹ fi sọ́ọ̀ṣì Pẹ́ńtíkọ́sì kan hàn wá ní gbogbo Ọ̀ṣun tí wọ́n á fi ìyìn fún Ọlọ́run lọ́jọ́ Àìkú tí ìlù ò ní dún níbẹ̀. Awọ yẹn náà ni, igi yẹn náà ni. Ẹni tó ń lù ú àti ẹni tó ń lù ú fún ló yí padà. Wòlíì Sekaráyà náà, ní orí 8, nígbà tó ń ṣàpèjúwe Jerúsálẹ́mù tí Ọlọ́run bùkún, ó fi àwọn ọmọdé tó ń ṣeré ní ìgboro kún un. Ìlú tí ọmọdé ò ti lè ṣeré, kì í ṣe ìlú tí ara tù.

NÍGBÀ TÍ ÌJỌBA GBÉ ÒÒLÙ

Ẹ jẹ́ ká kúrò nílé díẹ̀. Ní ìlú New York, ní ọdún 1942, wọ́n fi òfin de pinball, ẹ̀rọ onígíláàsì tí bọ́ọ̀lù irin kékeré máa ń sá kiri nínú ẹ̀. Olórí ìlú náà nígbà yẹn, Fiorello La Guardia, sọ pé tẹ́tẹ́ ni, pé owó oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé ló ń gbé mì. Ó gbé òòlù ńlá, ó ń fọ́ ẹ̀rọ náà níwájú àwọn oníròyìn. Òfin yẹn wà títí di 1976. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Roger Sharpe ló wá ta gémù náà níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú. Kó tó ta bọ́ọ̀lù, ó sọ ibi tó máa gbà, bọ́ọ̀lù náà sì gba ibẹ̀. Wọ́n rí i pé ọgbọ́n ọwọ́ ni, wọ́n sì tú òfin náà ká. Ẹ ò rí i? Ìbéèrè tí ọ̀ta àti òpè ti dáhùn lójú ọpọ́n ní ilẹ̀ wa ni New York fi ọdún 34 wá.

Láàárín ìgbà yẹn, gémù orí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ti dé. Iléeṣẹ́ Atari gbé Pong jáde ní 1972, Space Invaders ti ilẹ̀ Japan tẹ̀ lé e ní 1978, Pac-Man dé ní 1980. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, Ààrẹ Ferdinand Marcos ti ilẹ̀ Philippines fòfin de gbogbo gémù fídíò. Ó ní ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ìjọba tó ń ti àwọn alátakò mọ́lé ló ń sọ pé ẹ̀rọ gémù ló ń ba ìwà jẹ́! Ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ra fún olóṣèlú tó bá wá bá wa jà nítorí ìwà àwọn ọmọ wa, tí kò sì jẹ́ ká béèrè nípa ìwà tirẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ti ilẹ̀ Gíríìkì. Ní 2002, tẹ́tẹ́ orí ẹ̀rọ gba ibẹ̀ kan, ìjọba fẹ́ pa á run. Wọ́n ní àwọn ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín gémù àti tẹ́tẹ́, wọ́n bá fi òfin kan ṣoṣo de gbogbo gémù orí ẹ̀rọ níta gbangba. Ọmọ tó ń ta gémù lásán ní ibi tí wọ́n ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì di arúfin. Ní 2006, ilé ẹjọ́ gíga ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá Gíríìkì lẹ́bi. Ohun tí kì í jẹ́ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ tọ́jọ́ nìyẹn: ó na olè, ó na olóko.

NINTENDO TÍ KÌ Í ṢE NINTENDO

Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1983, iléeṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ Famicom jáde ní Japan. Kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ará Éṣíà mìíràn ti da ayédèrú ẹ̀ jọ bí ẹni da gaàrí. Èyí tó wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà láàárín 1990 sí 2000, àwọn ọmọ ń pè é ní Nintendo, orúkọ lásán ni. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún gémù sí lára, tí ẹ bá ṣí i, gémù bíi mẹ́wàá náà ni wọ́n ń pè ní orúkọ oríṣiríṣi. Ó ti ẹ̀ jọ ètò ìsúná àwọn ìjọba kan tí a mọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọpọlọ wà nínú gémù mẹ́wàá yẹn o. Ẹ jẹ́ ká sọ èrò wa nípa mẹ́ta péré.

Super Mario Bros., ti 1985, olùkọ́ àgbà ni. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kò bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ kankan. Apá òsì ló gbé ẹ sí, ọ̀tún ló ṣí sílẹ̀, ìwọ náà á máa lọ sọ́tùn-ún. Ẹranko kékeré kan ń bọ̀. Tó bá kàn ẹ́, o kú. Lẹ́ẹ̀kejì, o fò. Ọmọ ọdún márùn-ún ti kọ́ ẹ̀kọ́, kò sì mọ̀ pé òun wà ní kíláàsì. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa tó ń wàásù fún wákàtí méjì kí kókó ọ̀rọ̀ tó jáde, ẹ lọ wo Mario.

Contra, ti iléeṣẹ́ Konami, jagunjagun méjì ni. Ẹ̀mí mẹ́ta ló ń fún ẹ. Àmọ́ àwọn ọmọ mọ àṣírí kan: òkè lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òsì ọ̀tún, òsì ọ̀tún, B, A. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ̀mí 30. Nínú gbogbo gémù àtijọ́, èyí ló wúlò jù fún ìwàásù, torí ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ilé ayé. Ẹ̀mí kan ni Ọlọ́run fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀. Ọmọ tó ń gun ọ̀kadà ní àgùnlá láti ibí dé Ìkirun, kó rántí.

Ẹ̀kẹta ni Tetris. Alexey Pajitnov ló ṣe é ní Moscow ní 1984, lábẹ́ ìjọba Kọ́múnísìtì Sófíẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ayé ń rà á, ìjọba ló ń gba owó. Ọdún 1996 ni ẹni tó ṣe é tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ẹ ronú sí i: ìjọba tó sọ pé ti òṣìṣẹ́ lòun ń ṣe, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ló jẹ. Èyí tó dé ọwọ́ wa ni "brick game", ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì. Ìdí tí ó fi gbajúmọ̀ ní àwọn ìlú wa kò ṣòro: kò bẹ NEPA. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn kì í rántí ibi tí o bá a dé. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí o kù díẹ̀ kí o borí, o máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọ̀tá ìkẹyìn nínú gbogbo gémù Nàìjíríà, NEPA ni. Wọ́n sọ ọ́ di PHCN ní 2005, wọ́n tà á fún àwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, síbẹ̀ a ò tíì rí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣẹ́gun ẹ̀.

ỌDÚN 1993

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló pàdé ní ọdún yìí. Lọ́dọ̀ wa, ìbò June 12 tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá borí nínú ẹ̀ ni wọ́n fagi lé ní June 23. Ní November 17, Ọ̀gágun Sani Abacha gbàjọba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ní December 9, àwọn aṣòfin àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà jókòó lórí gémù. Joseph Lieberman àti Herbert Kohl ló ṣíwájú. Mortal Kombat ni wọ́n torí ẹ̀ pé jọ, gémù tí wọ́n ti ń fa ọkàn àti egungun ẹ̀yìn ènìyàn yọ. Nintendo ti yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú tiwọn kó tó dé ọjà; Sega fi tiwọn sílẹ̀, ẹni tó bá mọ àṣírí bọ́tìnnì á rí i. Sega tà ju Nintendo lọ. Ẹ̀jẹ̀ tajà.

Kí ni àwọn aṣòfin yẹn ṣe? Wọn ò gbé òòlù. Wọ́n sọ fún àwọn iléeṣẹ́ pé: ẹ wá nǹkan ṣe sí i, àbí ká bá yín ṣe é. Ní 1994, àwọn iléeṣẹ́ dá àjọ ESRB sílẹ̀, èyí tó ń kọ ọjọ́ orí tó yẹ sára páálí gémù kọ̀ọ̀kan. Ní Nàìjíríà, nínú ọdún 1993 yẹn kan náà, òfin ológun karùndínláàádọ́rùn-ún, ìyẹn Decree 85, dá àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: ìjọba tí kò jẹ́ ká yan olórí fúnra wa ló ń bá wa yan fíìmù tó yẹ ká wò. Síbẹ̀ àwa ò sọ pé òfin yẹn burú. Títí dòní, òfin nípa ọjọ́ orí wúlò. Ẹni tó ń tẹ̀ lé e ni kò pọ̀.

ÌJỌ ŃKỌ́?

Tẹlifíṣọ̀n ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti October 31, 1959, ìgbà ayé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Nígbà tí ìjọ Deeper Life tí Pásítọ̀ William Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ní 1973 gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ tẹlifíṣọ̀n fún ọmọ ìjọ. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n rí nípa àkókò tí àpótí yẹn ń jẹ àti ìwà tó ń kọ́ ọmọ, òótọ́ ni. Lónìí, orí sátẹ́láìtì àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwàásù wọn ń gbà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹlòmíràn gba ọ̀nà mìíràn. Ní August 1985, ọmọ Iléṣà kan, Mike Bámilóyè, dá Mount Zion sílẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ń sá fún àwòrán, wọ́n gbé kámẹ́rà. Ẹni tó bá dàgbà láàárín 1990 sí 2000 ní apá ibí, kó sọ fún wa pé òun ò mọ Agbára Ńlá! Ẹni tí ìwàásù orí pẹpẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, fíìmù dé ibẹ̀.

Ìjọ gbìyànjú gémù náà. Ní 1991, iléeṣẹ́ Wisdom Tree ní Amẹ́ríkà gbé Bible Adventures jáde. Nóà á máa gbé ẹranko lé orí, á máa gbé wọn sáré lọ sínú ọkọ̀. Wọn ò gba àṣẹ lọ́dọ̀ Nintendo, ọ̀pọ̀ ibi ìtàwé Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n ti ń tà á. Èrò wa nípa ẹ̀ rè é: èrò ọkàn wọn dáa, gémù náà ò dùn. Orúkọ Nóà ò lè gba iṣẹ́ tí wọn ò fi ara ṣe. Bí a bá máa fi nǹkan ṣe ìránṣẹ́ Ọlọ́run, kó dára ju ti ayé lọ, ká má kàn lẹ ẹsẹ Bíbélì mọ́ ọn lára.

Ìbọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ náà wà nínú ìtàn yìí. Nígbà tí Nintendo gbé The Legend of Zelda: Ocarina of Time jáde ní 1998, ohùn ìrun àwọn Mùsùlùmí wà nínú orin tẹ́ḿpìlì kan níbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà, torí òfin wọn ni pé kí gémù wọn má fọwọ́ kan ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ní 2007, Ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀hónú hàn sí Sony nítorí pé wọ́n yìnbọn nínú àwòrán Kàtídírà Manchester nínú gémù Resistance: Fall of Man, nínú ìlú tí ìbọn ti ń pa ọ̀dọ́. Sony tọrọ àforíjì. Àwa ní Ọ̀ṣun, tí bàbá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí ìyá ń lọ sí sọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Iléyá àti ti Kérésì, ó yẹ ká mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ohun mímọ́ ẹnìkejì kì í ṣe ohun ìṣeré.

ỌPỌ́N KEJÌ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ iléèwé girama àgbà ní Ọ̀ṣun. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB àtijọ́ sínú ẹ̀. Àríyànjiyàn pọ̀ nígbà yẹn, nípa owó ẹ̀, nípa ẹ̀sìn, nípa ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tó fẹ́ràn Ọ̀gbẹ́ni ń yìn ín dé ọ̀run, ẹni tí kò fẹ́ràn wọn ní ìranù ni.

Èrò tiwa? Orúkọ yẹn nìkan tó ẹ̀kọ́. Yorùbá ní ọpọ́n ayò, ó ní ọpọ́n Ifá, ó ní ọpọ́n tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí. Ẹni tó bá pe ẹ̀rọ òyìnbó ní ọpọ́n, ó ti gbà pé ohun tí wọ́n gbé ka orí ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ọpọ́n ò ní ẹ̀ṣẹ̀, kò sì ní òdodo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló dùn wá. Ẹ̀rọ bàjẹ́, bátìrì kú, iná ò sí láti fi gba agbára sí i. A ò mọ ọmọ iléèwé kankan ní agbègbè yìí tó ṣì ń lò ó. Nígbà tí ọpọ́n òfìfo bá wà nílẹ̀, ẹlòmíràn á gbé nǹkan tirẹ̀ sí i.

ẸNI TÓ GBÉ NǸKAN TIRẸ̀ SÍ I

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe tuntun. Àwọn bàbá wa ta púùlù, wọ́n fi owó sẹ́nu kàlòkàlò. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ìgboro báyìí, wọ́n wọ aṣọ gémù fún un. Wọ́n ń pè é ní "virtual". Ẹ bá wa wò ó: pápá bọ́ọ̀lù wà lójú ẹ̀rọ, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sáré, èrò ń pariwo. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló yan iye góòlù tó máa wọlé. Àwòrán yẹn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kò sí ẹni tó fara pa, kò sí kóòṣì tó yí ọgbọ́n padà, kò sí nǹkan tí ọmọ lè mọ̀ tó máa ràn án lọ́wọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ayò wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní owó ẹyọ kan ni wọ́n ń jù sókè, tí orí àti ìdí ẹ̀ ní àǹfààní kan náà. Bí o bá fi ₦100 lé e tí o jẹ, ₦200 ló yẹ kí wọ́n gbé fún ẹ. Onítẹ́tẹ́ á gbé ₦180. Ó jọ pé kò burú. Ta á nígbà 100: ₦10,000 ló ti ọwọ́ ẹ jáde. Bí o bá jẹ ìdajì, ìgbà 50, ₦9,000 lo gbà padà. ₦1,000 ti lọ, kì í sì í ṣe torí pé orí ẹ burú. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Bí o bá ṣe ń ta á pẹ́ tó ni ìṣirò yìí ń rí ẹ mú tó. Ọ̀ta ayò kan ò lè borí níbẹ̀. Gbogbo wa ni òpè.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń san owó díẹ̀ láti bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ta bọ́ọ̀lù orí PlayStation àti ọmọ tó ń fi owó sórí virtual, wọn ò ṣe nǹkan kan náà. Èkíní ń ṣeré, ó lè pẹ́ jù, ó lè gbàgbé iṣẹ́ iléèwé, bá a wí. Èkejì ń ta tẹ́tẹ́. Wọ́n kọ 18+ sára ògiri níbẹ̀, ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé sì ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́ kèké lórí aṣọ Jésù lábẹ́ àgbélébùú, ẹ̀gbẹ́ ìgbàlà ni wọ́n jókòó sí, wọn ò gbójú sókè.

A ó sọ èyí náà, kódà bí inú ò bá dùn sí wa. Iwájú pẹpẹ kan wà tí wọ́n ti ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kó gbé gbogbo owó oṣù ẹ̀ sílẹ̀, pé kó tó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ á di mílíọ̀nù. Ẹ̀kọ́ wo ló yàtọ̀ nínú ìyẹn sí ti ilé tẹ́tẹ́? Ọrẹ ni Bíbélì kọ́ wa, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni Pọ́ọ̀lù fi jẹun, àgọ́ ló ń pa. Sọ́ọ̀ṣì tó bá ń fi ìrètí owó òjijì tọ́ ọmọ, kó má yà á lẹ́nu bí ọmọ náà bá rí ibi tó ti yá jù.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Àǹfààní kan wà báyìí tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí. Láti 2005, òfin lọ́tìrì ti ìjọba àpapọ̀ ló ń darí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Ní November 22, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ kò ní agbára láti ṣe òfin lọ́tìrì àti eré oríire fún àwọn ìpínlẹ̀; ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹjọ́ yìí ti kúrò ní Àbújá, ó ti dé Òṣogbo. Ẹni tó ń ṣojú wa ní Ilé Aṣòfin Ọ̀ṣun, ọmọ wa ni, a mọ ilé wọn. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé ìrẹsì àti àǹkárá wá fún ìbò, ẹ gbà á bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ béèrè: ta ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ọmọ? Báwo ni ilé tẹ́tẹ́ ṣe jìnnà sí iléèwé tó? Ìyà wo ló wà fún ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọdé? Kí òfin náà má ṣe bíi ti Gíríìkì. Kó mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí oríire.

Ti ilé ńkọ́? Ẹ fún ọmọ ní eré tó dáa, ẹ má kàn gba èyí tó burú lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ gbé ọpọ́n ayò jáde. Bí ìjọ bá ní jẹnẹrétọ̀ àti gbọ̀ngàn, ó lè ṣí i fún àwọn ọmọ ní ọ̀sán Sátidé, kí àgbà kan wà níbẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí tó bá wá, ẹ má bi í léèrè sọ́ọ̀ṣì.

Kí àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Ní 2012, Abíọ́lá Ọláníran tó jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nínú Ọ̀ṣun níbí, dá iléeṣẹ́ gémù Gamsole sílẹ̀. Maliyo ní Èkó ti fi ọlọ́kadà àti ẹ̀fọn ṣe gémù. Ní 2016, Kiro'o Games ti Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde, tí ìtàn àti àṣà Áfíríkà kún inú ẹ̀. Àwa ńkọ́? Igbájọ tí ó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró pẹ̀lú wa, etí ibẹ̀ ni ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí nínú ogun Kírìjì, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ kọjú sí wọn láti ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé, títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Dídún ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun yẹn lórúkọ. Ọmọ Ọ̀tan tó mọ gbogbo ibi tí ọ̀tá sápamọ́ sí nínú Contra, kò mọ òkè Kírìjì. Kí ló dé tí ọmọ wa kan ò lè fi ṣe gémù, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí àlàáfíà ló máa borí?

Ìyá tó ń béèrè pé ṣé gémù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìdáhùn wa rè é: ẹ lọ wo ojú ẹ̀rọ yẹn fúnra yín. Bí ọmọ bá ń lo orí ẹ̀, ẹ dá àkókò fún un. Bí owó ló bá ń lò, ẹ fà á jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì padà lọ bá ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí Olúwa má jẹ́ ká ṣòfò ọmọ. Kí ó fún àwọn aṣòfin wa ní ìgboyà, kí ó fún àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀tan Ayégbajú ní iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn máa ṣe. Ayé wa ò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ní orúkọ Jésù.

Ẹni tó bá gbà á, kó ṣe Àmín, kó sì fi ránṣẹ́ sí òbí kan.